Igbá Òfìfo fún Aláàfin: Èrò Kọnsáfétífù àti Ìwà Ẹ̀dá

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n ní kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Ìdànrè dá lé, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti Àbújá tàbí Àkúrẹ́. Ààfin Ọ̀yọ́ Ilé ni yóò ti gbéra.

Ìkejì òrìṣà ni Aláàfin. Ikú àti ìyè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìjòyè méje kan jókòó tì í tí kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìn-ín-ni, Lágùnnà, Akínnikú àti Aṣípa. Àwọn ni Ọ̀yọ́ Mèsì. Bí ọba bá tàṣejù, tó ń fi ayé ni ìlú lára, wọn kò ní kó ogun wá ká a mọ́lé. Baṣọ̀run ni yóò ṣíwájú, wọn á gbé igbá òfìfo síwájú rẹ̀, tàbí ẹyin odídẹrẹ́, wọn á sì jẹ́ kó mọ̀ pé ayé kọ̀ ọ́, ọ̀run náà kọ̀ ọ́. Ọba tó bá rí èyí kì í bèèrè àlàyé. Á ṣígbá wò, ìlú á sì wá ọba mìíràn.

Ẹ wo irú ojú tí ètò yìí fi ń wo ènìyàn. Kò sọ pé ọba burú ju mẹ̀kúnnù lọ. Kò sì sọ pé tí a bá ti rí ẹni rere fi jọba, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó gbà ni pé ẹni rere pàápàá, bí a bá gbé e sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi í léèrè, àga náà yóò yí i padà. Nítorí náà, kí wọ́n tó dé e ládé ni wọ́n ti mọ ọ̀nà tí wọn ó gbà gba adé náà padà.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn onírònú kan fi ń wo ẹ̀dá ní Yúróòpù láti ìgbà pípẹ́, èrò wọn ló sì di ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Kọnsáfétífù. Ní Nàìjíríà, orúkọ náà ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi pe olóṣèlú kan, ohun tó ń wá sọ́kàn ni bọ̀rọ̀kìnní tó ń bá ìjọba jẹun, tí kò fẹ́ kí nǹkan yí padà torí pé bó ṣe wà yẹn ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ayé Ààrẹ Shagari ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ìjẹun kì í ṣe èrò. Èrò Kọnsáfétífù gan-an jẹ́ èrò nípa ìwà ẹ̀dá: pé òye ènìyàn kò tó bó ṣe rò ó, pé ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kò lópin, àti pé nínú ọ̀ràn yìí, ìran tòní kò sàn ju ìran àná lọ. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, òfin, ẹbí, ẹ̀sìn, ohun ìní àti àṣà tí a bá nílẹ̀ kì í ṣe ẹrù tí a lè jù nù kìkì nítorí pé a kò rí ìdí wọn lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀pọ̀ òkú wà nínú wọn.

Àwọn tó wà ní òdìkejì náà kì í ṣe òmùgọ̀. Jean-Jacques Rousseau kọ̀wé ní 1755 pé ire ni a dá mọ́ ènìyàn, àwùjọ ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ yóò gbà pé bí a bá wó àwùjọ tí a sì tún un mọ, ènìyàn tuntun ni yóò jáde nínú rẹ̀. Thomas Sowell, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé lórí ìjà ojú ìwòye méjèèjì yìí ní 1987. Ó fi hàn pé lábẹ́ àríyànjiyàn lórí owó orí, ẹ̀wọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ àti ogun, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà: ta ni ènìyàn?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí Yorùbá: ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Kẹ́mi Badenoch, ọmọ Adégòkè, tí wọ́n bí ní Wimbledon ní 1980 tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó, di olórí ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún oníròyìn pé Yorùbá ni òun ka ara òun sí ju ọmọ Nàìjíríà lọ, ariwo sì ta láti Àbújá dé London. Ariwo náà bo ohun tó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti sọ léraléra pé ohun tí òun fojú rí ní Èkó, iná tí kò sí, omi tí kò yọ, ẹ̀rù olè lóru, wà lára ohun tó sọ òun di Kọnsáfétífù. Ẹni tó bá ti rí ìlú tó ń tú ká kì í gbà pé ìlú tó tòrò jẹ́ ẹ̀bùn ojú ọ̀run. Èyí yé ni. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí a bi í léèrè: àwọn wo ló tú Nàìjíríà ìgbà náà ká? Ṣé mẹ̀kúnnù ni, àbí ológun tó wà lórí àga?

Ibẹ̀ gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń lọ. Ìfura sí ìwà ẹ̀dá jẹ́ ọgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó wà nípò. Bó bá jẹ́ orí mẹ̀kúnnù ló ti bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni.

Ẹni tí wọ́n máa ń pè ní baba èrò Kọnsáfétífù ni Edmund Burke, ọmọ Ireland tí wọ́n bí ní Dublin ní 1729, tó di aṣòfin ní London. Nígbà tí àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn ní 1789, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì pàtẹ́wọ́. Burke kò pàtẹ́wọ́. Ní 1790 ó tẹ ìwé kan jáde tó fi kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé àti gègé nìkan mọ ìlú tuntun yóò rí ẹ̀jẹ̀. Lójú rẹ̀, ìlú jẹ́ àdéhùn láàárín àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìdí tí Yorùbá fi ń bọ egúngún.

Àwọn ará Faransé kò dá ọwọ́ dúró. Ní 1793 wọ́n bẹ́ orí ọba wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n pa ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rẹ́, wọ́n fi ọlọ́jọ́ mẹ́wàá rọ́pò rẹ̀, wọ́n yí orúkọ gbogbo oṣù padà, wọ́n sì tún ọdún kà láti orí ookan. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìṣirò, mẹ́wàá rọrùn láti kà ju méje lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kan jí lọ́la kó ní kò sí ọjà ọrọọrún mọ́, pé ọjọ́ kẹwàá-kẹwàá ni kí wọ́n máa ná ọjà. Kí ni ẹlẹ́ja tútù yóò ṣe? Onímọ́tò tó mọ̀ pé ọjà ìlú yìí lòní, ti ìlú kejì lọ́la, ńkọ́? Ẹni tó ń dá àjọ ọjọ́ ọjà? Ẹni tó ní ọjọ́ ọjà ni òun yóò san gbèsè? Kò sí ẹnì kan tó jókòó ṣètò gbogbo okùn tó so mọ́ ọjọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹnì kan tó lè kà wọ́n tán. Nígbà tí ọdún 1806 fi máa wọlé, Napoleon ti dá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje padà fún wọn.

Napoleon yẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Burke ti sọ ọ́ ní 1790 pé ìgbẹ̀yìn gbogbo rúkèrúdò náà, ọ̀gágun kan tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn ni yóò gba ìlú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Ó kú ní 1797. Ní 1799 Napoleon gba ìjọba. Àwa tí a gbọ́ orin ológun lórí rédíò ní oṣù kìíní ọdún 1966, tí a tún gbọ́ ọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wa.

Apá kan wà nínú ìgbésí ayé Burke tí àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ búra kì í fẹ́ rántí. Nínú ẹjọ́ tó lọ láti 1788 títí di 1795, ó wà lára àwọn tó ń bá Warren Hastings ṣẹjọ́ níwájú ilé aṣòfin. Hastings ti jẹ́ gómìnà àgbà fún ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ní Íńdíà, ẹ̀sùn sì ni pé ó jẹ ìlú oní-ìlú run. Wọ́n dá Hastings sílẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà fi hàn pé kì í ṣe àwọn tálákà Paris nìkan ni Burke ń fura sí. Ó ń fura sí ọ̀làjú tó wọ kóòtù, tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tó wà níbi tí ojú ilé kò ti tó o.

Ó ní ibi tó ti kùnà. Mary Wollstonecraft àti Thomas Paine fèsì fún un kíákíá pé ó sunkún fún ayaba tó bọ́ lórí ìtẹ́, kò sunkún fún àwọn tí ebi ń pa. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn. Ní 1780 ó kọ ètò kan nípa bí wọ́n ṣe lè fi òfin rọ òwò ẹrú lójú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ètò onísùúrù ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fòfin de òwò náà títí di 1807, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ń bá a lọ. Ní 1821 wọ́n kó ọmọdékùnrin kan ní Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ọmọ náà ni Àjàyí Crowther. Àwọn tí ọkọ̀ ogun kò bá pàdé, àwọn ni wọ́n fi ara wọn san owó sùúrù náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé kí àtúnṣe rọra máa bọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò máa jìyà nígbà tí a bá ń dúró.

Yorùbá kò dúró de Burke kí wọ́n tó mọ̀ pé àbùkù wà lára ẹ̀dá. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, Ọbàtálá mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ ènìyàn, abuké àti arọ sì jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Àjàlá tó ń mọ orí jẹ́ onígbèsè tí kì í fara balẹ̀. Orí kan jinná dáadáa nínú iná, òmíràn ní sísán, gbogbo wọn sì jọra lójú. Ẹni tó ń bọ̀ wá sáyé yóò mú ọ̀kan, yóò máa lọ. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Yúróòpù ní ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù tiwọn, tó sọ gbogbo ènìyàn di ẹlẹ́ṣẹ̀ bákan náà. Ti Àjàlá yàtọ̀, ó sì le jù fún òṣèlú: orí rere wà, orí burúkú wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ èyí tó sán, títí kan ẹni tó gbé e rù. Bí ọba bá fi gbogbo ọkàn gbà pé òun mọ́, ìyẹn kò fi hàn pé orí rẹ̀ jinná. Nítorí náà, gbogbo orí ni a ní láti dán wò, ti ọba sì ni àkọ́kọ́.

Síbẹ̀ Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé ní 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú Ifá, ó sì fi hàn bí ìwà ṣe jẹ́ òpó tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìwà ṣe é kọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èrò tó wà láàárín méjì ni: ẹ̀dá kò pé, kò sì ní pé láéláé, ṣùgbọ́n ó ṣe é tọ́ sọ́nà.

Ètò Ọ̀yọ́ náà kò pé. Láti nǹkan bí 1754, Baṣọ̀run Gáà gba ohun tí wọ́n fi ń kápá ọba, ó sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Ọba lé ọba ló ń fi jẹ tó sì ń yọ; Awọ́nbíojú kò lò ju 130 ọjọ́ lọ. Àwọn ọmọ Gáà ń gba owó òde káàkiri bí ẹni pé àwọn ni ìjọba. Aláàfin Abíọ́dún ló fi sùúrù àti ète bá a lò, tó fi jẹ́ pé ní 1774 ó gba ọwọ́ Ọyábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìlú sì dìde sí Gáà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ti ronú bí wọn ó ṣe mú ọba. Wọn kò ronú tó nípa bí wọn ó ṣe mú ẹni tó ń mú ọba.

Ọ̀ràn tó kọ́ni jù lọ ni ti Kúrunmí Ìjàyè, torí pé òun ni Yorùbá tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ jà fún àṣà ní gbangba. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ó fi Olúyọ̀lé Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àṣà kan wà nílẹ̀: bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Létí wa lónìí, ìkà ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣàlàyé pé Àrẹ̀mọ ń bá baba rẹ̀ pín agbára, wọ́n sì ń fura pé ọmọ tó mọ̀ pé òun ni yóò jọba lè máa kánjú ikú baba. Òfin náà wá fi ẹ̀mí Àrẹ̀mọ so mọ́ ẹ̀mí ọba. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ ìwà ẹ̀dá.

Àtìbà kò fẹ́ kí Adélù ọmọ òun kú. Kò sì kàn pàṣẹ. Kí ó tó wàjà ló ti bá àwọn olóyè ńlá sọ ọ́, Ìbàdàn sì gbà. Nígbà tó wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́. Kúrunmí ní láéláé, òun kò mọ Aláàfin tí àṣà kò mọ̀. Ìbàdàn kó ogun jáde ní 1860, Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ṣíwájú; Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 Ìjàyè fọ́, àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àdúgbò Ìjàyè wà títí dòní.

Ọlá Rótìmí fi ìtàn yìí ṣe eré, ó sì rọrùn láti káàánú arúgbó náà. Ṣùgbọ́n ẹ ka Johnson dáadáa kí ẹ wo bí Kúrunmí ṣe ṣe ìjọba Ìjàyè. Òun ni ọba, òun ni ìjòyè, òun ni adájọ́. Kódà ọ̀rọ̀ òrìṣà ìlú wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sí Ọ̀yọ́ Mèsì kankan tó lè gbé ohunkóhun síwájú Kúrunmí. Ó ń béèrè pé kí àṣà de ilé Aláàfin, kò sì gbà kí àṣà kankan de ilé tirẹ̀. Àtìbà tó fẹ́ yí àṣà padà ló tọ ọ̀nà àṣà: ó jíròrò, ó wá ìfọwọ́sí, ó fi àkókò sí i. Bí Burke bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn Àtìbà ni yóò dúró sí. Èyí lè ya àwọn tó fẹ́ràn Kúrunmí lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí wọ́n rò ó wò.

Ìdànrè ní ẹ̀rí tirẹ̀, ó sì dára ju ti Ìjàyè lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, orí òkè ni àwọn baba ńlá gbé. Ọ̀tá tó bá fẹ́ gun òkè náà yóò ti rẹ̀ kó tó dé. Ní 1923 wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá ti parí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ọ̀nà mọ́tò, ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti oko kòkó sì ń pè nísàlẹ̀. (Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè náà tó lé ní 600 rí kò ní bèèrè ìdí tí ọ̀dọ́ ìgbà náà kò fi janpata.) Òdòde, Aládé àti Àtòsìn gba àwọn ènìyàn. Wọn kò wó ààfin àtijọ́, wọn kò wó ilé ẹjọ́, wọn kò pa ojúbọ run. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà lókè tí UNESCO fi kọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró de ìdánimọ̀ àgbáyé ní 2007. Ohun tí ìdí rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, èyíinì ni gbígbé orí àpáta nítorí ogun, ni wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí ìdí rẹ̀ kò tíì parí, Ọwá tó jẹ́ ọba Ìdànrè àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ọdún Òrósùn, ló bá wọn sọ̀ kalẹ̀.

Kòkó tó pè wọ́n wálẹ̀ náà kò ti ọwọ́ ìjọba wá. Láti oko J. K. Coker ní Agége ni ọ̀pọ̀ lébìrà ti gbé irúgbìn àti ìmọ̀ kòkó lọ sí ìlú wọn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbìn ín sórí ilẹ̀ ẹbí tàbí ilẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Báyìí ni ilẹ̀ Ìdànrè ṣe di ọ̀kan lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù ní Nàìjíríà. Ẹ fi èyí wé àwọn oko tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ láti nǹkan bí 1959 fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú àwòkọ́ṣe abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ilé wà, ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n wà, olùkọ́ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà sá lọ. Ẹni tí wọ́n yà sínú ètò náà, tó fẹ́ràn iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, tó ní sùúrù fún igi tí yóò so lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kì í ṣe ọmọ tó wà nílẹ̀.

Kí Kọnsáfétífù má tíì yọ̀. Ìjọba kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000. Gbogbo ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ra lè sọ ni wọ́n sọ: pé ó yá jù, olùkọ́ kò tó, ta ni yóò máa ṣa kòkó? Nítorí owó orí tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba náà, fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Awólọ́wọ̀ kò yẹ̀. Lónìí, kò sí ìdílé kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí iṣẹ́ náà kò kàn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí oko ìjọba hàn kedere: ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ní irin iṣẹ́, ó sì jẹ́ kó lọ síbi tó wù ú, oko ìjọba ti yan ibi tí yóò dé fún un.

Àṣìṣe tó burú jù ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí wá láti ilé ìfowópamọ́ àgbà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, gómìnà báńkì náà nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Ìdí tó fún un kò burú: àwọn kan ń kó owó pamọ́, àwọn kan ń tẹ ayédèrú, wọ́n sì fẹ́ dí ọ̀nà owó ìbò. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni òpin, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Gbogbo wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó tuntun kò sí, owó àtijọ́ kò ṣe é ná, oní-POS ń ta náírà fún ẹni tó ni náírà. Ẹni tó ń ra kòkó ní abà, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ báńkì orí fóònù, dúró sójú kan. Ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó ní kí owó àtijọ́ máa ná lọ títí di ìparí ọdún. Ètò náà fura sí ẹ̀dá, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ ni ìfura náà bà. Àwọn tó kó owó pamọ́ ní ọ̀nà mìíràn.

Ìpínlẹ̀ Ondó ti rí ibi tí àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè ń já sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bórìowó ti NPN ló wọlé ìbò gómìnà, ó lé Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì, kúrò. Ilé jó, ènìyàn kú, aládùúgbò dojú kọ aládùúgbò ní Àkúrẹ́ àti láwọn ìlú mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ràn láti sọ pé ẹranko wà nínú ènìyàn yóò rí ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ìbínú tó lè dá iná tí wọ́n fi sun ènìyàn láre. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tó jókòó sídìí ìwé èsì, tí wọ́n rò pé kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá ìbò náà padà fún Ajásin, títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, àwọn adájọ́ ṣe ohun tí iná kò lè ṣe. Kò pẹ́ tí ológun fi gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tó kù wà nílé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Gómìnà kò ní orí tó dára ju ti alága lọ. Ṣùgbọ́n alága náà kò ní orí tó dára ju ti gómìnà lọ. Bí owó bá ti Àbújá dé Ọ̀wẹ̀nà, oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ta ló máa rí ìwé rẹ̀? Òfin ní ìgbìmọ̀ kánsẹ́lọ̀ wà, àyẹ̀wò owó wà, àwọn kánsẹ́lọ̀ sì ń gba owó oṣù láti inú àpò kan náà. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n jókòó tì wọ́n: ìjòyè, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ìyálọ́jà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n ka ìwé owó náà sókè ní Òdòde, ní Aládé, ní Ọ̀wẹ̀nà, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lédè tí ìyá àgbà gbọ́. Kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn tí yóò máa bèèrè ìbéèrè hàn kí alága tuntun tó ṣe ìbúra.